Ọ̀rọ̀-Atọ́kùn Tí Ó Gbẹ̀yìn Gbólóhùn: Àríwísí Lórí Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ìhun Pásíìfù Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Ìfáàrà

Nínú àwọn ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ yìí, òfin kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń dúró fún gbogbo ẹ̀kọ́ lórí ìhun pásíìfù. Òfin náà ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé àbọ̀ gbólóhùn lọ sí ipò olùwà, kí ó fi ọ̀kan nínú àwọn ìrísí "be" síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ó sì fi "by" síwájú ẹni tí ó ṣe nǹkan náà. Òfin yìí ṣiṣẹ́ dáadáa fún "Adé bought the book", èyí tí yóò di "The book was bought by Adé". Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá pàdé lẹ́yìn ẹnu-ọ̀nà kíláàsì kò fi bẹ́ẹ̀ jọ èyí. Lára ògiri ilé-ìkàwé ni yóò ti ka "Lost books must be paid for". Nínú lẹ́tà láti ọ́fíìsì ìjọba ni yóò ti ka "The matter will be looked into". Nínú ìwé ẹ̀rí ìwà ni yóò ti ka "She can be relied on". Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn gbólóhùn wọ̀nyí: aṣèrànwọ́-ìṣe, ìyẹn "must", "will" àti "can", ìhun pásíìfù fúnra rẹ̀, àti ọ̀rọ̀-atọ́kùn tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn. Òfin tí a mẹ́nu bà lókè yìí kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀kẹta. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó di olùwà nínú "Lost books must be paid for" kì í ṣe àbọ̀ "pay". Àbọ̀ "for" ni.

Bébà yìí gbà pé èrò méjì ni ó ń ba ìkọ́ni ní ìhun yìí jẹ́. Èkíní ni pé àṣìṣe ni kí ọ̀rọ̀-atọ́kùn parí gbólóhùn. Èkejì ni pé kò sí ohun tí ó jọ ìhun yìí nínú èdè Yorùbá, nítorí náà kí akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé èdè abínibí rẹ̀ bí ó bá ti wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Èrò kìíní kò bá ìtàn àti ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì mu. Èkejì ni ó burú jù, nítorí pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìrànlọ́wọ́ tí ó wà ní ìtòsí.

Òfin tí kò kan ọ̀rọ̀ yìí

Èrò pé kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀-atọ́kùn parí gbólóhùn ti pẹ́ púpọ̀. Ní 1672, akéwì àti òǹkọ̀wé eré-onítàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, John Dryden, bu ẹnu àtẹ́ lu irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ Ben Jonson, ó sì gbà pé òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ó tún ìwé rẹ̀ lórí eré-onítàn tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1668 tẹ̀ ní 1684, ó ti wá irú àwọn ọ̀rọ̀-atọ́kùn bẹ́ẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Robert Lowth, àlùfáà tí ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1762, kò le koko tó bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé èdè Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn ìhun náà, pé ó sì bá ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ mu; ohun tí ó kàn fi kún un ni pé gbígbé ọ̀rọ̀-atọ́kùn síwájú ní iyì jù nínú àkọsílẹ̀ tí ó lọ́wọ̀. Àwọn olùkọ́ tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ ni ó sọ ìmọ̀ràn di èèwọ̀. Nígbà tí yóò fi di 1926, H. W. Fowler ti ka èèwọ̀ náà sí ìgbàgbọ́ asán. Síbẹ̀, ó ṣì wà láàyè nínú kíláàsì.

Ohun kan wà tí àwọn tí ń gbé èèwọ̀ yìí kiri kì í sábà kíyè sí. Gbólóhùn aṣàpèjúwe àti gbólóhùn ìbéèrè ni àríyànjiyàn náà dá lé. Níbẹ̀, ọ̀nà méjì ni òǹkọ̀wé ní. Ó lè kọ "the chair which we sat on", ó sì lè kọ "the chair on which we sat". Bí ọ̀kan kò bá wù ú, kí ó mú èkejì. Ìhun pásíìfù kò ní ọ̀nà kejì. "The chair can be sat on" tọ̀nà. Ṣùgbọ́n "*On the chair can be sat" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì rárá. (Àmì ìràwọ̀ dúró fún gbólóhùn tí kò tọ̀nà nínú bébà yìí.) Kò sí ibòmíràn tí "on" lè lọ. Ibi tí ó wà nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú rẹ̀ náà ni ó dúró sí nígbà tí àbọ̀ náà ti lọ di olùwà.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fi gègé pupa fa igi sábẹ́ "The matter must be looked into" kò tún gbólóhùn náà ṣe. Ó kàn lé akẹ́kọ̀ọ́ sínú igbó ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ gbọ́ràn sí i lẹ́nu yóò yọ "into", yóò sì kọ "*The matter must be looked". Ọlọ́gbọ́n inú wọn yóò wá "investigated" lọ. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ó ti sá fún ẹ̀kọ́ náà ni. Kò tíì kọ́ ọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀-atọ́kùn náà so mọ́

Àwọn onímọ̀ gírámà kò fẹnu kò lórí ohun tí "look into" jẹ́. Quirk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (1985) gbà pé ọ̀nà méjì ni a lè gbà tú irú rẹ̀ palẹ̀: a lè kà á sí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tí ó ní ẹ̀yà méjì, a sì lè ka ọ̀rọ̀-atọ́kùn náà sí olórí àpólà tirẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni Huddleston àti Pullum (2002) gbè lẹ́yìn. Kò pọn dandan fún olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama láti dá ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí àwọn méjèèjì ń lò wúlò fún un. Nínú gbólóhùn tí kì í ṣe pásíìfù, nǹkan lè wọ àárín wọn: "The principal looked carefully into the matter". Bí a bá sọ ọ́ di pásíìfù, ààyè náà há mọ́ra. "The matter must be carefully looked into" ni ó yọ́ létí. "*The matter must be looked carefully into" kò yọ́. Ó dà bí ẹni pé nígbà tí àbọ̀ ti kúrò, ọ̀rọ̀-atọ́kùn náà sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì dì mọ́ ọn. Èyí ni olùkọ́ lè fi hàn lójú pátákó láìdárúkọ onímọ̀ kankan: kí ó kọ gbólóhùn méjèèjì, kí ó sì bi kíláàsì léèrè ibi tí "carefully" lè gbé dúró.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ní ọ̀rọ̀-atọ́kùn lẹ́yìn ni ó gba ìhun yìí. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ti dákẹ́. A lè sọ pé "We arrived at a decision", kí a sì sọ pé "A decision must be arrived at today". A lè sọ pé "We arrived at the school", ṣùgbọ́n "*The school must be arrived at today" kò dára. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, ọ̀rọ̀-atọ́kùn kan náà ni. Kí ni ó wá yàtọ̀? Ìpinnu jẹ́ ohun tí àwọn tí ń jíròrò ṣe jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Ilé-ẹ̀kọ́ kàn jẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ wọn dé, kò sì sí ohun tí dídé wọn ṣe fún un. Bákan náà ni "The matter must be gone into" tọ̀nà, tí "*The room must be gone into" sì ń ha létí. "This house can be lived in" dára nítorí pé ó sọ irú ilé tí ilé náà jẹ́: ilé tí òrùlé rẹ̀ kò jò, tí ògiri rẹ̀ kò wó. Ṣùgbọ́n "*Lagos can be lived in by Adé" kò sọ irú ìlú tí Èkó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó di olùwà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ìṣe náà kàn lára, tàbí ohun tí ìṣe náà fi ìwà rẹ̀ hàn.

Àwọn aṣèrànwọ́-ìṣe ní ipa láti kó níbí. "The house was lived in" nílò àlàyé díẹ̀ kí ó tó dùn ún gbọ́: ta ni ó gbé ibẹ̀, nígbà wo? "The house can be lived in" kò nílò ohunkóhun. "Can" ti sọ ìṣẹ̀lẹ̀ di ìwà. Ó jọ pé ìdí nìyí tí ìhun yìí fi wọ́pọ̀ nínú ìkìlọ̀ àti òfin ilé, tí ó sì ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn sísọ. Ìwé tí ó bá fi pásíìfù lásán kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì fi aṣèrànwọ́-ìṣe sí orí mìíràn ní ogójì ojú-ewé síwájú, ti pín ohun tí èdè fúnra rẹ̀ kò pín.

"Ṣeé" àti "lé"

Ó wọ́pọ̀ nínú kíláàsì kí a gbọ́ pé Yorùbá kò ní pásíìfù, pé "a" tàbí "wọ́n" nìkan ni ó ní. Bí olùkọ́ bá fẹ́ túmọ̀ "Adé can be relied on", yóò kọ "A lè gbẹ́kẹ̀ lé Adé", yóò sì fi í hàn kíláàsì pé Adé ṣì wà ní ipò àbọ̀, kò kúrò níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí:

(1) A lè gbẹ́kẹ̀ lé Adé.
(2) Adé ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé.
(3) Adé ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Nínú (2), ìtẹnumọ́ ti gbé Adé síwájú, "lé" sì dúró ní ìparí láìní nǹkan kan lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Ọ̀rọ̀ yìí ni a gbọ́dọ̀ fiyè sí", "Ibo ni o gbé e sí?" àti "Ta ni o rà á fún?" Ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́rin ti ń fi "sí", "fún" àti "lé" parí gbólóhùn kí ó tó mọ ọ̀nà ilé-ìwé. Kò sí ìyá tí ó nà án fún un rí.

Gbólóhùn (3) ni ó ṣe pàtàkì jù. "Adé" kò sí ní ipò ìtẹnumọ́ níbẹ̀. Olùwà gan-an ni. Ẹ̀rí èyí kò ṣòro láti rí. Bí a bá fi arọ́pò-orúkọ dípò rẹ̀, "Ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé" ni a ó sọ, kì í ṣe "Òun ni". Bí wọ́n bá pọ̀, "Wọ́n ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé". Bí a bá kọ̀ ọ́, "Kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé". Ẹni tí a ń gbẹ́kẹ̀ lé ni olùwà, a kò dárúkọ ẹni tí ń gbẹ́kẹ̀ lé e, ìtumọ̀ "lè" wà nínú rẹ̀, "lé" sì dúró síbi tí ó yẹ kí ó dúró. "Àga yìí ṣeé jókòó lé" kò jìnnà rárá sí "This chair can be sat on". Ohun tí olùkọ́ ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Kò yẹ kí a sọ èyí di ju bí ó ti mọ lọ. Ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kò yí padà lẹ́yìn "ṣeé", nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ní láti sọ "rely" di "relied" kí ó sì fi "be" ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé "ṣeé" sún mọ́ "is fit to sit on" ju "can be sat on" lọ ní ẹjọ́ tí ó lè rò. Àwọn onímọ̀ gírámà Yorùbá náà ṣì lè jiyàn bóyá ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni "lé" tàbí ọ̀rọ̀-ìṣe kejì tí ó tẹ̀lé "gbẹ́kẹ̀". Àríyànjiyàn wọ̀nyí ní àyè tiwọn. Ohun tí kíláàsì nílò kéré ju ìyẹn lọ: kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé ohun tí ìṣe kàn lè di olùwà, kí wúnrẹ̀n kékeré tí ó bá ọ̀rọ̀-ìṣe rìn sì dúró lẹ́yìn láìsí àbọ̀. Ó ti ń ṣe é lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì dé òpin ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, pẹ̀lú olùkọ́ tirẹ̀. Ètò náà ní ìdí, ṣùgbọ́n ogún kan tí ó kù sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mìíràn ni èrò pé Yorùbá kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì.

Níbi tí Yorùbá ti ń ranni lọ́wọ́, àti níbi tí ó ti ń ṣini lọ́nà

Bí Yorùbá bá jẹ́ atọ́nà, atọ́nà tí ó máa ń yà bàrá nígbà mìíràn ni. "Sí", "lé" àti "fún" máa ń dúró lẹ́yìn. "Ní" kì í dúró. A kò lè sọ pé "*Ìbàdàn ni ó ń gbé ní". "Ìbàdàn ni ó ń gbé" ni. Bákan náà, "Ilé yìí ṣeé gbé" kò ní ohunkóhun ní ìparí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "*This house can be lived" kò ṣàdédé ṣìnà. Ó tẹ̀lé òfin "ní" ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà lè kọ "This chair can be sat on" láìṣe àṣìṣe nítorí "lé". Olùkọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí yóò rò pé orí ni ó fi bọ́ nínú ọ̀kan tí ó sì kùnà nínú èkejì.

Ọ̀wọ́ kejì ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá fi ẹyọ kan sọ, tí Gẹ̀ẹ́sì sì fi méjì sọ. "Tọ́jú" ni "look after", "wádìí" ni "look into". Kò sí ohun tí ó wà nínú "A gbọ́dọ̀ tọ́jú ọmọ náà" tí yóò rán akẹ́kọ̀ọ́ létí "after". Nínú ọ̀wọ́ yìí, àṣìṣe lè kọjá ti gírámà lásán. "San" àti "pay" ni àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀. "The teachers must be paid" sọ pé kí a fún àwọn olùkọ́ ní owó wọn. "The teachers must be paid for" sọ pé kí ẹnìkan san owó nítorí wọn, bí ìgbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ tàbí jẹun nílé oúnjẹ. Ilé-ìkàwé tí ó bá lẹ "*Lost books must be paid" mọ́ ògiri ti ní kí a fún ìwé lówó. "Called", "called on" àti "called for" náà kò jọra: akẹ́kọ̀ọ́ tí a pè, èyí tí a ní kí ó dìde dáhùn, àti èyí tí a wá mú lọ sílé.

Ọ̀wọ́ kẹta yí ọ̀rọ̀ padà bìrí. Níbẹ̀, Yorùbá ní wúnrẹ̀n kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. A máa ń béèrè fún nǹkan, a máa ń tẹnu mọ́ kókó, a máa ń jíròrò lé ọ̀rọ̀ lórí. Ibẹ̀ ni "*The documents requested for must be submitted", "*This point must be emphasised on" àti "*The issue should be discussed about" ti ń wá. Ó dùn láti di ẹ̀bi rù Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó kọ̀wé lórí Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà, bíi Jowitt (1991), ti ṣàkíyèsí àfikún ọ̀rọ̀-atọ́kùn báyìí, kì í sì í ṣe láàárín àwọn ọmọ Yorùbá nìkan ni a ti ń gbọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ "request" gba "for", "emphasis" gba "on", "discussion" sì gba "about". Akẹ́kọ̀ọ́ mú ohun tí ó tọ́ sí ọ̀rọ̀-orúkọ, ó fi fún ọ̀rọ̀-ìṣe. Corder (1967) ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ẹ̀rí ètò tí ó ti tò sínú ọpọlọ ara rẹ̀. Lado (1957), tí ó gbà pé ìyàtọ̀ láàárín èdè méjì ni yóò sọ ibi tí ìṣòro wà, sọ apá kan òótọ́. Apá kejì wà nínú èdè tí a ń kọ́ gan-an.

Ta ni "must" ń bá wí?

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìkìlọ̀ ara ògiri ilé-ìkàwé. "Lost books must be paid for". Dandan ni sísan, ṣùgbọ́n dandan fún ta? Gẹ̀ẹ́sì kò sọ, kò sì pọn dandan kí ó sọ. Ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi fẹ́ràn ìhun yìí nìyẹn. Yorùbá kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbà fún wọn. "A gbọ́dọ̀ san owó ìwé tí ó bá sọnù" fa ẹni tí ń sọ̀rọ̀ mọ́ ọn. "Wọ́n gbọ́dọ̀ san án" tì í sí ọrùn àwọn kan lọ́hùn-ún. Ọ̀nà tí ó mọ́ jù ni "Ẹni tí ó bá sọ ìwé nù gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀", èyí sì ti dárúkọ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì fi pamọ́. "Ṣeé" kò lè ranni lọ́wọ́ níbí, nítorí pé "lè" nìkan ni ó mọ̀, kò mọ "gbọ́dọ̀". Iṣẹ́ ìtumọ̀ lórí irú ìkìlọ̀ báyìí yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí ogún àpẹẹrẹ "The book was bought by Adé" kò lè kọ́ ọ. Ohun kan náà ni ti ìkọ̀sílẹ̀: "must not be paid for" jẹ́ èèwọ̀, "kò gbọdọ̀", "need not be paid for" jẹ́ ìdásílẹ̀, "kò pọn dandan".

Òfin ilé-ẹ̀kọ́ tún sọ pé ìtumọ̀ kì í yí padà bí a bá sọ gbólóhùn di pásíìfù. Pẹ̀lú aṣèrànwọ́-ìṣe, ó lè yí padà. Nínú "Bọ́lá won't look after the child", Bọ́lá ni ó kọ̀. Nínú "The child won't be looked after by Bọ́lá", ó lè jẹ́ ọmọ ni ó kọ̀, tí kò fẹ́ kí Bọ́lá tọ́jú òun.

Gbólóhùn tí a mú wá kẹ́yìn yìí ní "after by" nínú, ọ̀rọ̀-atọ́kùn méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn. Ó máa ń ba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù, wọ́n a sì gé ọ̀kan sọnù. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. "After" jẹ́ ti ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí náà òun ni ó kọ́kọ́ wá. "By" jẹ́ ti ẹni tí ó ṣe é. Ohun èlò ní tirẹ̀ gba "with": "The yam must be cut with a knife". Yorùbá fi "fi" sọ ìyẹn ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, "A gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ gé iṣu náà", kò sì sí ohun tí yóò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó má fi "by" síbẹ̀. "Ṣeé" kì í sì í gba ẹni tí ó ṣe nǹkan bí kò ṣe pẹ̀lú "fún": "Iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe fún Adé". Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "This work can be done for Adé" ti kọ gbólóhùn tí gírámà rẹ̀ dán, tí olùkọ́ yóò fi àmì pé ó tọ̀nà sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fẹ́ sọ ni pé Adé lè ṣe iṣẹ́ náà; ohun tí ó kọ ni pé ẹlòmíràn lè bá a ṣe é. "By" ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Bí a bá ń ka ìwé ìdáhùn, àṣìṣe yìí ni ó yẹ kí ó gba gègé pupa, kì í ṣe "on" tí ó jókòó jẹ́jẹ́ sí ìparí "The chair can be sat on".